Pípààrọ̀ Oògùn Wárápá: Láti Ṣàngó ní Ìlọrin Dé Britain

Pípààrọ̀ oògùn wárápá kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Dókítà á kọ́kọ́ fi oògùn tuntun kún èyí tí aláìsàn ti ń lò, á máa gbé ìwọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí tuntun bá lágbára tó láti dá dúró ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ti àtijọ́ kù. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ oṣù, oògùn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ẹni tó bá fo àárín yìí, tó ju ti àtijọ́ sílẹ̀ lójijì nítorí pé tuntun ti dé ọwọ́ rẹ̀, ti fi ara rẹ̀ sínú ewu: wárápá tó ti lọọlẹ̀ látọdún yìí wá lè padà dé, ó sì lè gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ gbé ní Britain lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí àwọn dókítà ibẹ̀ kì í sábà fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ fi lè yọjú kó tó pẹ́ rárá.

Ní Nàìjíríà, phenobarbital àti carbamazepine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Tegretol, wà lára oògùn wárápá tó wọ́pọ̀ jù. Phenobarbital ti dàgbà: ọdún 1912 ni Alfred Hauptmann, dókítà ará Jámánì, ti kíyè sí i pé ó ń dá wárápá dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣì kà á mọ́ àwọn oògùn tó pọn dandan, torí pé iye tí wọ́n ń ná lé e lórí fún ọdún kan gbáko lè má ju dọ́là 5 lọ. Wárápá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Yorùbá. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, fi hàn pé bí èèyàn 5 nínú 1,000 ló ní in. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ níkọ̀kọ̀ bí ẹni tó jalè.

Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, UITH, wà lójú ọ̀nà Jẹ́bbà àtijọ́, kò jìnnà sí ará Ṣàngó, dókítà amọ̀ja sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ti ń ra oògùn oṣooṣù. Oníkẹ́míìsì á ka ọgọ́ta tábúlẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá kékeré, á fi báírò kọ "1 x 2" sára rẹ̀, ó parí nìyẹn. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sí níbẹ̀, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kò sí níbẹ̀, ìwọ̀n mílígíráàmù rẹ̀ pàápàá lè má sí. Nígbà tí GlaxoSmithKline kéde ní Oṣù Kẹjọ 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí Sanofi náà sì fi títa oògùn rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ láàárín oṣù díẹ̀ sí i, àwọn tó ń lo oògùn wọn ní láti máa wá èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ilé ló ti ń pààrọ̀ oògùn láìmọ̀.

Ọ̀rá kékeré yẹn kò ní wúlò fún dókítà Britain. Kí èèyàn tó kúrò nílé, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yẹ kó gbà. Orúkọ oògùn gan-an ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, kó má jẹ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nìkan. Ó yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ń lò ó lójúmọ́, ọjọ́ tí wárápá gbé e kẹ́yìn, oògùn tó ti lò rí àti ìdí tí wọ́n fi dá a dúró. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ni kò ní jẹ́ kí dókítà tuntun tún fún un lóògùn tó ti mú kí ara rẹ̀ sú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ti ṣe EEG, àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ọpọlọ, fún un, kó mú èsì rẹ̀ dání. Tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n bá lè fi fóònù ya fídíò bí wárápá ṣe ń gbé e, kí wọ́n yà á, torí irú wárápá tí èèyàn ní ló ń pinnu oògùn tó bá a mu, aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í sì í mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Britain ka phenobarbital, clobazam, clonazepam àti diazepam mọ́ oògùn tí òfin ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ẹni tó bá mú wọn wọlé gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà dókítà tó sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye tó kó dání. Tí èyí tó kó bá tó ti oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Èyí tí yóò lò fún oṣù méjì, nínú páálí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, nínú báàgì ọwọ́, ló dára jù. Ẹrù tó wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lè sọnù.

Ìwé oògùn tí dókítà kọ ní Ìlọrin kò níṣẹ́ ní fámásì Britain. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí àlejò lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP, kó má dúró dìgbà tí oògùn bá ku ti ọjọ́ mẹ́ta. Òfin NHS, ètò ìlera ìjọba Britain, kò béèrè ẹ̀rí àdírẹ́ẹ̀sì tàbí páásípọ́ọ̀tù kí wọ́n tó gba orúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn akọ̀wé ibòmíràn á ṣì béèrè. Owó ìlera tó bá físà rìn, £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà àti £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ láti Oṣù Kejì 2024, ló ń san owó rírí dókítà. Oògùn nìkan ló kù, £9.90 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní England láti Oṣù Karùn-ún 2024, àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn wárápá lójoojúmọ́ ní ẹ̀tọ́ láti máa gba gbogbo oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù FP92A ni GP á bá a fọwọ́ sí, ọdún 5 sì ni káàdì ọ̀fẹ́ tí wọ́n á fún un máa ń lò. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn.

GP kì í sábà pààrọ̀ oògùn wárápá fúnra rẹ̀. Á máa kọ èyí tí aláìsàn ń lò fún un, á sì fi í ránṣẹ́ sí neurologist, dókítà amọ̀ja nípa ọpọlọ àti iṣan, èyí tó lè gba oṣù mélòó kan. Ìdúró yìí máa ń bí àlejò nínú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú níbẹ̀ tí oògùn àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kódà, ẹni tí carbamazepine ti bá dá wárápá dúró fún ọdún mẹ́rin láìyọ ọ́ lẹ́nu lè má pààrọ̀ ohunkóhun. NHS ní in, wọ́n á sì máa fún un. Ìpààrọ̀ tọ́ nígbà tí wárápá ṣì ń gbé èèyàn, nígbà tí oògùn bá ń mú un sùn níbi iṣẹ́, nígbà tí kò bá irú wárápá rẹ̀ mu (carbamazepine lè mú kí irú kan le sí i), tàbí nígbà tí obìnrin bá ń múra oyún.

Lamotrigine àti levetiracetam ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ń pààrọ̀ oògùn. Lamotrigine ló ń gba sùúrù jù. Ẹni tí kò lo oògùn wárápá mìíràn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílígíráàmù 25 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, á lò 50 fún ọ̀sẹ̀ 2 mìíràn, kó tó máa gòkè. Tó bá jẹ́ carbamazepine, phenytoin tàbí phenobarbital ló ń lò tẹ́lẹ̀, 50 lójúmọ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn oògùn wọ̀nyí ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ lamotrigine dànù. Tó bá sì jẹ́ valproate, tí wọ́n ń tà ní Epilim, mílígíráàmù 25 lọ́jọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì, ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí valproate kì í jẹ́ kó tètè jáde lára. Ìlọ́po mẹ́rin ni ìyàtọ̀ àárín ẹni tó ń lo carbamazepine àti ẹni tó ń lo valproate. Ẹni tó bá purọ́ oògùn tó ń lò fún dókítà nítorí ìtìjú, tàbí tí kò mọ orúkọ rẹ̀, lè gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ kó gbà. Lamotrigine tó bá gòkè kíákíá lè mú kí ara sú, kí ẹnu àti ojú máa bó, èyí sì lè pa èèyàn. Tí ara bá ti sú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ó pe dókítà. Bákan náà, ẹni tó dá lamotrigine dúró fún ọjọ́ mélòó kan kò gbọ́dọ̀ padà sórí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ láìbéèrè. Ó lè jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀.

Levetiracetam ń yára gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bá oògùn mìíràn jà. Ìṣòro tirẹ̀ ni ìwà: ẹlòmíràn á di oníbìínú, inú á máa bà jẹ́, ìgbàgbọ́ ará ilé á sì ni pé ìlú òyìnbó ló yí i lórí. Kí wọ́n sọ fún dókítà, oògùn ni. Ní ti phenobarbital, sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ ló nira jù. Ara ti mọ́ ọn, nítorí náà oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ti lò ó pẹ́ kì í rò. Ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kí ìdajì phenobarbital tó kúrò lára, nígbà tó jẹ́ pé wákàtí 6 sí 8 péré ni ti levetiracetam. Ẹni tó ti máa ń gbàgbé phenobarbital lálẹ́ kan láìsí wàhálà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èyí kan ará Ìlọrin tó ń gba ààwẹ̀. Levetiracetam tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè bọ́ sí àsìkò sààrì àti ìṣínu, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Britain, òru kúrú débi pé láti ìṣínu dé sààrì kò ní tó wákàtí mẹ́jọ. Ó dára kí wọ́n má fi ìpààrọ̀ sínú oṣù Ramadan. Kí aláìsàn bá dókítà àti àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn láyè láti má gba ààwẹ̀. Àìsùn náà ń fa wárápá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ àlejò ń kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ òfin Equality Act 2010, ẹni tó ní wárápá lè béèrè pé kí wọ́n fi òun sí iṣẹ́ ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ obìnrin gba ìṣọ́ra gidi. Valproate lè ba ọmọ inú jẹ́: nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 tí ìyá wọn lò ó ní oyún ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àléébù ara, 3 sí 4 nínú 10 sì lè ní ìṣòro ọpọlọ àti ẹ̀kọ́. Láti Oṣù Kìíní 2024, wọn kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin tàbí obìnrin tí kò tíì pé ọdún 55 ní Britain àyàfi tí dókítà amọ̀ja méjì bá fẹnu kò. Obìnrin tó ti ń lò ó bọ̀ láti ilé kò gbọ́dọ̀ fi ìbẹ̀rù dá a dúró, pàápàá tó bá ti lóyún. Kí ó wá dókítà lọ́jọ́ náà. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbital ń sọ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára, àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan sì ń lé lamotrigine kúrò lára.

Páálí náà ṣe pàtàkì. Láti 2013, àjọ MHRA tó ń ṣàbójútó oògùn ní Britain ti sọ pé ẹni tó ń lo phenytoin, carbamazepine, phenobarbital tàbí primidone gbọ́dọ̀ máa gba ti ilé iṣẹ́ kan náà. Tí àwọ̀ páálí bá yí padà, kí ó béèrè níwájú káńtà kó tó kúrò níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣàngó kò gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ti NHS láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, fífi phenobarbital ránṣẹ́ láìsí ìwé àṣẹ sì lòdì sófin. Àgbo náà kò gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ṣì ń fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe àgbo wárápá, ó sì ń dá àìsàn ńlá sílẹ̀. Ẹni tó ń padà wálé fún ìsinmi kò gbọ́dọ̀ lo mefloquine fún ibà, artemether-lumefantrine kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa lára ẹni tó ń lo carbamazepine tàbí phenytoin.

Ìwé àṣẹ awakọ̀ Nàìjíríà ṣeé lò fún oṣù 12 ní Britain, ṣùgbọ́n òfin wárápá de ẹni tó ń lò ó. Tí wárápá bá gbé e, ó gbọ́dọ̀ dẹ́kun wíwa mọ́tò, kí ó sọ fún DVLA, àjọ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ awakọ̀. Oṣù 12 láìsí òmíràn ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Tó bá jẹ́ ìpààrọ̀ tí dókítà ṣe ló fà á, tó sì ti padà sórí oògùn àtijọ́, ó lè gbà á padà lẹ́yìn oṣù 6. 

Àsìkò ìpààrọ̀ ni kò yẹ kí aláìsàn dá nìkan gbé tàbí dá nìkan wẹ̀ nínú agbada omi. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé mọ ohun tí wọ́n á ṣe: kí wọ́n yí i sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tó tún gbé e kó tó jí, 999 ni kí wọ́n pè, ìpè náà kò sì ní owó.