Ta Ló Gbọ́ Ìkéde Náà?

Olóṣèlú kan wọlé ìbò, kò pẹ́ kò jìnnà, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ó ti kéde dúkìá rẹ̀. Kí ará Ìlúpéjú kan ní Mushin, l'Ékòó, wá béèrè pé, "Èló ni? Ilé mélòó ni?" Kò ní sí ìdáhùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. "Kéde" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Bí ọba bá fẹ́ kí ìlú gbọ́, akéde a mú agogo, a kiri àdúgbò dé àdúgbò. Orúkọ Ìlúpéjú gan-an bá a mu: ìlú ní láti péjú kí á tó lè sọ pé wọ́n kéde nǹkan. Ohun tí wọ́n bá kéde, ìyá aláta ní ọjà Ojúwòyè yẹ kó lè rò ó fún oníbàárà rẹ̀.

Kí ni òfin wá ní kí wọ́n ṣe? Àfikún Karùn-ún ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí aláṣẹ, láti orí Ààrẹ títí kan alága ìjọba ìbílẹ̀ Mushin àti àwọn káńsẹ́lọ̀ rẹ̀, kọ dúkìá àti gbèsè ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 18 tí wọn kò sì tíì ṣe ìgbéyàwó. Kó kó o fún àjọ Code of Conduct Bureau nígbà tó bá gorí àléfà, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti nígbà tó bá ń lọ. Kó kọ ọ́, kó kó o fún àjọ. Kò sí agogo níbẹ̀.

Ààrẹ Umaru Yar'Adua ló kéde ní tòótọ́. Ní 2007, ó jẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ohun tí òun ní lé ní mílíọ̀nù 856 náírà, kò sì sí òfin tó fi ipá mú un. Ní 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan sọ lórí tẹlifíṣàn pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó bú òun. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ kò rú òfin.

Ọ̀rọ̀ "ohun ìní" tí àwọn mìíràn ń lò dípò "dúkìá" náà kù díẹ̀ káàtó. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè gbèsè, bẹ́ẹ̀ a kì í ní gbèsè bí a ṣe ń ní ilé. Ọrùn ẹni ni í wà. Ní tèmi, gbèsè ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Láyé àtijọ́, ẹni tó yáwó tó di ìwọ̀fà, oko olówó rẹ̀ ló ń ro. Gómìnà tó jẹ báńkì lówó ńkọ́? "Dúkìá àti gbèsè" ló pé.

Ìwà kan wà tí a kò tilẹ̀ lórúkọ fún, òun ló le jù. Ní 1962, nígbà tí Ìlúpéjú ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn (1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀), ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Coker tú àkọsílẹ̀ àwọn àjọ ìjọba náà wò, a sì gbọ́ nípa owó ìjọba tó wọ NIPC, ilé-iṣẹ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Àwọn kan ní òṣèlú ló gbé ìgbìmọ̀ náà dìde. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn yìí, "olè" la máa ń sáré pè é. Olè yàtọ̀. Ẹni tó ń dúnàádúrà pẹ̀lú ara rẹ̀ ni mo ń sọ: òun ló ń tà lórúkọ ara rẹ̀, òun ló ń rà lórúkọ ìlú. "Adára-ẹni-lóhùn" ni màá pè é títí ẹlòmíràn yóò fi mú èyí tó dáa jù wá.

Ká padà sórí fọ́ọ̀mù dúkìá: ìwé òfin 1999 kan náà gbà kí ọmọ Nàìjíríà yẹ̀ wọ́n wò, lábẹ́ ìlànà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá là sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP béèrè láti rí wọn, àìsí ìlànà náà wà lára ohun tí àjọ fi dá wọn padà. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ ọ́ pé "ó fi àkọsílẹ̀ dúkìá àti gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ." Ẹ fi "kéde" pamọ́ de ẹni tó bá sọ iye rẹ̀ fún wa.