Omi Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ohun Tó Ń Hù Lórí Rẹ̀

 Omi tí a kì í fojú rí ni a fẹ́ kà nípa rẹ̀ lónìí.

Ẹni tó bá ní kànga ní Ṣómólú tàbí Bàrígà mọ̀ pé omi rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, okùn kúkúrú la fi ń fà á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó so okùn mọ́ okùn. Òjò tó rọ̀ ló wọ inú iyanrìn lọ, tó dúró síbẹ̀ bí omi ṣe ń dúró sínú kànrìnkàn. Ibi tí ó ga dé nínú ilẹ̀ ni à ń pè ní ojú omi abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá gòkè tàbí tó lọ sílẹ̀, ó kan igi àti ewéko bó ti kàn wá. Ṣùgbọ́n òjò wa pọ̀, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè hàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n.

Nínú aṣálẹ̀, àwọn ibì kan wà tí ilẹ̀ ti jin kòtò débi pé omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè, tàbí kó tilẹ̀ sun jáde. Igi hù níbẹ̀, ènìyàn sì tẹ̀ ẹ́ dó. Irú ibẹ̀ ni Mẹ̀dínà, tí àwọn Àlàájì wa ti ń ra dàbínù bọ̀. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, Bulatura wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Yusufari, Ìpínlẹ̀ Yobe, láàárín òkìtì iyanrìn.

Gbòǹgbò ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ kì í ta gbòǹgbò jìnnà. Bí omi bá sá sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti rọ nìyẹn, àfi bí a bá ń bomi rin wọ́n. Igi dàbínù á fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni baba wọn. Ní aṣálẹ̀ Ténéré, ní orílẹ̀-èdè Niger, ọ̀kan dá dúró láìsí igi mìíràn nítòsí fún ohun tó ju 100 máìlì lọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1938 sí 1939, wọ́n bá gbòǹgbò rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, níbi tí omi wà. Ọ̀dá kò rí i pa. Awakọ̀ ẹrù kan ló fi ọkọ̀ wó o ní 1973. Ó máa ń dùn wá bí a bá rántí.

Ṣé omi tó gòkè ló wá dára? Rárá o. Ní Síwà, ní Íjíbítì, ilẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ, omi kò rọ́nà ṣàn jáde. Wọ́n gbẹ́ kànga lọ́pọ̀lọpọ̀. Omi tí wọ́n fà ní àfàjù padà wọlẹ̀, ó sì gòkè dé ìdí igi. Gbòǹgbò tó rì sómi kò rí afẹ́fẹ́ mí. Oòrùn ń fa omi gbẹ, iyọ̀ ń ṣẹ́kù sórí ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ń kú sínú omi.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Omi ọ̀sà tó wà létí Bàrígà níyọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lábẹ́ ilẹ̀ etí òkun, omi òjò fúyẹ́, ó ń léfòó lórí omi iyọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: bí omi òjò yìí bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga ju òkun lọ, nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí a bá wá fa ẹsẹ̀ bàtà 1 yẹn tán, bó pẹ́ bó yá, iyọ̀ á gun òkè ní 40.

Àwọn onílé sì ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, kálukú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, gọ́tà á gbé òjò lọ sọ́sà. Lójú tiwa, sìmẹ́ǹtì yìí ló burú jù: à ń fà, a kò dá a padà. Ẹni tó bá ń fi omi iyọ̀ bomi rin ewédú, etí ewé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jó bí ẹni fi iná rà á. Olóko á ní kòkòrò ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò lè gba iyọ̀. Àgbọn a máa gbà á díẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ so kókó sára okùn kànga yín ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fami, ẹ ka kókó láti ẹnu kànga dé ojú omi. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Ẹ kọ ọ́ bí omi náà bá ti ń níyọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ohun tó ń hù nítòsí rẹ̀. Bó bá pé oṣù 12, ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì.