Ilé Títà Nígbà Tí Ọjà Kò Yá: Àkíyèsí Láti Tẹ̀dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ ra ilé náà ń wò kí ó tó tọwọ́ bọ àpò, ohun tó sì ń wò kò mọ sí ara ògiri nìkan. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí a ṣe ń tún ilé ṣe sílẹ̀ de ẹni tí yóò rà á, pàápàá ní ìlú bíi Tẹ̀dé ní Òkè-Ògùn, níbi tí olùra ilé kò ti pọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi pọ̀? Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ níbẹ̀ a máa gba ilẹ̀, a sì máa kọ́ ilé tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ilé baba kì í sì í ṣe ohun títà lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ilé kan wà lọ́jà, ohun tí àwọn aládùúgbò yóò kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, kí ló ṣe wọ́n? Àwọn tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè rà á ni olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ (Tẹ̀dé ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Atisbo tí a dá sílẹ̀ ní 1996), oníṣòwò tó ń wá ilé etí títì, àti ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ tí kò ráyè dúró ti bíríkìlà. Owó wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà tí iṣu tàbí kaṣú bá ti dówó tán ni ọ̀rọ̀ ilé ń ṣe é sọ.

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Barb Schwarz, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bíbá ènìyàn ta ilé ní ìpínlẹ̀ Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ tò ní 1972. Ọ̀rọ̀ àwọn eléré orí ìtàgé ló fi pe iṣẹ́ náà: ilé ni ìtàgé, olùrà ni òǹwòran. Wọn a kó ẹrù tó pọ̀ jù kúrò, wọn a sì já àwòrán ẹbí kúrò lára ògiri, kí àlejò lè máa fojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀. N kò ta ko èyí. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá kún fún àpò àgbàdo, ògbólógbòó táyà àti kẹ̀kẹ́ tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́, ta ni yóò mọ bó ṣe fẹ̀ tó? Ṣùgbọ́n bí eré bá parí, òǹwòran a lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó ra ilé kò ní ibòmíràn tí yóò lọ.

Nítorí náà, òrùlé ni mo fi ṣáájú ọ̀dà. Òjò Òkè-Ògùn ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó sì ń dá ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Bí páànù bá ti dógùn-ún, tí ojú ìṣó sì ti tú, ọ̀dà tí a kùn sábẹ́ rẹ̀ kò ní pé kó tó ṣàbàwọ́n. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ibi tí ọ̀sọ̀rọ̀ ń dà sí, nítorí ìdí ògiri amọ̀ ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibẹ̀. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ sì rọ̀. Omi tó bá gba ojú ẹ̀là wọlé kì í rọ́nà jáde, kò sì ní pẹ́ tí sìmẹ́ńtì náà yóò fi bó lódindi. Amọ̀ tí a pò dáadáa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi dí i. Ti ikán ńkọ́? Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ha ọ̀nà ikán kúrò lára ògiri, tí wọ́n kùn ún ní funfun, tí ikán sì ń jẹ igi àjà lọ lókè. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn.

Àwọn alágbàtà a máa gbani nímọ̀ràn pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a mú olùrà wá. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ bá dára, kí ó pe olùrà nígbà òjò. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá ń lómi ní oṣù kẹta, tí obìnrin àdúgbò ń ru korobá kiri, kí ó pè é nígbà náà. Ohun tí olùrà bá fojú ara rẹ̀ rí, ẹnu alágbàtà kò lè ṣe tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ ni ti ẹbí. Káàkiri Èkó àti Ìbàdàn ni a ti ń rí ilé tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe títà, nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń ta ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ìfura yìí dé ọ̀dọ̀ wa náà. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, tí a tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò sí rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ lè dojú rẹ̀ dé. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún bèèrè ìyọ̀ǹda gómìnà tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀tọ́ tí a ní lórí ilẹ̀ náà bá ti rí. Nípa pínpín owó, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo wa. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí igi ni kí a fi pín ogún ni, tàbí orí-ò-jorí? Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tó sì di 1962, ìdí igi ni wọ́n fọwọ́ sí. Ìdílé tí kò bá tíì fẹnu kò lórí èyí kí olùrà tó dé yóò jà níwájú rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ó wá ku ibojì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí iwájú ilé ni ọ̀pọ̀ òbí wa sùn sí. Mo mọ ilé kan ní Tẹ̀dé tí àwọn ọmọ olóògbé kan, tí ìyá wọn yàtọ̀ síra, fẹ́ tà. Wọ́n tún páànù ṣe, wọ́n kun ilé, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì bo ojú oórì ìyá àgbà, wọ́n to àga lé e. Olùrà àkọ́kọ́ ti ń bá wọn dúnàá-dúrà nígbà tí ọmọ kékeré kan láàrin àwọn tó ń wòran sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tẹ ìyá àgbà mọ́lẹ̀.” Ọkùnrin náà kò bínú, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá. Ẹnì kejì ti gbọ́ ìtàn náà kí ó tó débẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni ilé náà fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ìyàwó àbúrò olóògbé ló pe àwọn ọmọ náà jọ, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ká nǹkan yìí kúrò lórí ìyá yín.” Wọ́n ká a. Wọ́n mọ ògiri kékeré yí ibojì náà ká, wọ́n yọ ibẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n sì la ìloro tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ilé kí olùgbé má baà máa gba orí òkú wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹbí lè wá síbẹ̀ nígbàkigbà. Olùkọ́ kan ló rà á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iye tó san kò sì tó iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá iwájú ibojì náà láràárọ̀ báyìí.