Sàláàdì Ẹ̀wà bí ti Ará Éṣíà, Láti Inú Ọjà Ogbete

Ìsinmi ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ wa ni yóò sì padà sí ìdí ààrò ìyá wa. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí fi dá lórí oúnjẹ: bí a ṣe ń ṣe sàláàdì ẹ̀wà lọ́nà tí àwọn ará Éṣíà ń gbà ṣe é. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń yínmú: "Ẹ̀wà tútù kẹ̀? Ṣé ẹ̀wà tí à ń jẹ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò tíì tó ni?" Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ó rí i pé oúnjẹ yìí kò jìnnà sí wa rárá, àti pé orúkọ tí a ti fẹ́ gbàgbé ni yóò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ̀wà tó lọ, ẹ̀wà tó bọ̀

Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà tí à ń fi ṣe àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Ní Gánà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú èso ẹ̀wà yìí jáde níbi tí àwọn èèyàn gbé ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn. Láti ọ̀dọ̀ wa ló ti rìn dé Íńdíà láyé àtijọ́. Nígbà tó sì dé ọ̀hún, àwọn ará Éṣíà mú irú kan jáde lára rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ní tútù, tí gígùn rẹ̀ lè tó ìdajì mítà. Bí ẹ bá rí i nínú oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹ kí i dáadáa, ìbátan àkàrà ni.

Òtílí ńkọ́? Òun gba ọ̀nà òdì kejì wá. Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, kó tó di ara oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ẹ̀wà sóyà náà, Éṣíà ló ti wá. Lọ́dún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, ní oko ìwádìí Moor Plantation tó wà ní Ìbàdàn. Ẹ ò wá rí i pé pàṣípààrọ̀ ni? A fún wọn, àwọn náà fún wa.

Orúkọ ni ká kọ́kọ́ mọ̀

Bí ẹ bá bèèrè òtílí ní ọjà Ogbete níbí, ó ṣeé ṣe kí ìyá ọlọ́jà kàn máa wò yín. Fio-fio ni kí ẹ bèèrè. Àwọn mìíràn ń pè é ní agbugbu. Òun ni àwọn ará Enugu ń sè pọ̀ mọ́ achicha, ìyẹn kókò tí wọ́n ti sá gbẹ. Akidi ní tirẹ̀ jẹ́ irú ẹ̀wà ilẹ̀ wọn tó dúdú, tó sì kéré. Ewé èfínrín ni wọ́n ń pè ní nchanwu.

Àmọ́ ká tó máa kọ́ orúkọ tó ń jẹ́ ní èdè Ìgbò, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: mélòó nínú wa ló mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá? Ohun gbogbo ti di "ẹ̀wà" lẹ́nu wa. Àwọn ìyá ìyá wa mọ erèé, wọ́n mọ awùjẹ, wọ́n mọ òtílí, wọ́n sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó lórí iná. Ẹni tí kò mọ orúkọ, kò ní bèèrè rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí a kò bá sì bèèrè mọ́, àgbẹ̀ kò ní gbìn ín mọ́. Bí orúkọ ṣe ń lọ nìyẹn, tí oúnjẹ náà á sì tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn

Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí ẹ̀wà di lílọ̀ tàbí kó rọ̀ kúnná: àkàrà, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà àgànyìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Éṣíà, wọ́n tún ń jẹ ẹ ní odindi, kí eyín lè bá a pàdé.

Ní gúúsù Íńdíà, oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní sundal. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yí i nínú òróró díẹ̀ pẹ̀lú ata àti èròjà olóòórùn dídùn, wọ́n á wá da àgbọn rírin lé e. Wọ́n ń ta á ní etíkun Marina ní ìlú Chennai fún àwọn tó wá gba atẹ́gùn, bí wọ́n ṣe ń ta okpa fún àwọn èrò ọkọ̀ ní 9th Mile níbí. Ní Kòríà, wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀wà sóyà hù, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀, ááyù àti òróró yànmọ̀tí pò ó. Ní Indonéṣíà, gado-gado wà: ẹ̀fọ́ bíbọ̀ àti ẹyin, tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹ̀pà lé lórí.

Ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé adùn wọn kì í dá nìkan wà. Ohun kíkan, iyọ̀, ata, adùn díẹ̀ àti ọ̀rá díẹ̀ máa ń bá ara wọn ṣe pọ̀.

Káún àti ọsàn wẹ́wẹ́

Ẹ̀yin tó ń ṣe kẹ́místìrì, ibí yìí kàn yín. Álíkálì ni káún, ásíìdì ló wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Káún máa ń tú ohun tó so ara ẹ̀wà pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń tètè rọ̀ bí a bá fi sí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe òdì kejì rẹ̀: bí ẹ bá fún un sínú ìkòkò kí ẹ̀wà tó rọ̀, ẹ ó pẹ́ nídìí iná, ẹ̀wà á ṣì le.

Nítorí náà, fún sàláàdì, ẹ má fi káún sí i, kó má baà fọ́ yángá. Ẹ má sì fún ọsàn sí i títí yóò fi jinná. Ẹ wo abacha tí wọ́n ń ṣe níbí, omi káún ni wọ́n fi ń po epo pupa rẹ̀ títí á fi ki, tí á sì pọ́n bí ẹyin. Ti Éṣíà gba ọ̀nà ásíìdì lọ. Sàláàdì méjì, ọ̀nà méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é: òtílí alágbọn

Èyí tó èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún:

- òtílí, agolo mílíìkì 2
- àgbọn rírin, ẹ̀kún ọwọ́ 2
- àlùbọ́sà 1, atalẹ̀ bí àtàǹpàkò, ata ṣọ̀ǹbọ̀ 1 tàbí 2
- òróró, ṣíbí ìjẹun 2
- ọsàn wẹ́wẹ́ 2, iyọ̀, ewé èfínrín díẹ̀
- kùkúḿbà 1, bí ẹ bá rí i

1. Ẹ ṣa òtílí, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ da omi náà nù.
2. Ẹ gbé e ka iná pẹ̀lú omi tuntun. Ó lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí òtílí náà bá ti pẹ́ lọ́jà. Ẹ má kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan, tó rọ̀ nínú àmọ́ tí kò fọ́, ó ti tó. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀ sí i, kí ẹ wá sẹ́ ẹ.
3. Ẹ gbé òróró kaná. Ẹ da àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ata sí i. Bí òórùn rẹ̀ bá ti ń ta sánsán, ẹ da òtílí sí i, kí ẹ yí i pọ̀ fún ìṣẹ́jú 2.
4. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi àgbọn, èfínrín àti kùkúḿbà tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ sí i. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni kí ẹ fún ọsàn sí i. Ẹ tọ́ ọ wò: bí ó bá kan jù, ẹ fi oyin díẹ̀ sí i.

Bí òtílí kò bá sí, akidi tàbí ẹ̀wà olóyin lè rọ́pò rẹ̀, àmọ́ ẹ dúró tì í, torí wọ́n ń tètè rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti Indonéṣíà lè lọ ẹ̀pà yíyan, kó pò ó mọ́ ata, iyọ̀, ṣúgà díẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi gbígbóná, kó dà á lé ẹ̀wà lórí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ẹnì kan wà láàárín yín tí ẹ̀pà kì í bá lára mu. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì

Èkíní ni ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín. Májèlé wà nínú rẹ̀ bí kò bá jinná, ìwọ̀nba ẹyọ díẹ̀ sì lè mú kí èèyàn máa bì. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ jẹ́ kó hó kutukutu fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sì máa sè é lọ títí yóò fi rọ̀. Iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ nìkan kò tó láti pa májèlé náà.

Èkejì ni ooru. Sàláàdì kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta fìríìjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ooru Enugu bá ti kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí kan péré ni. Ẹ̀yin tí òbí yín ń gbé oúnjẹ wá ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tọ́jú ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di alẹ́. Bí kò bá tiẹ̀ tíì máa rùn, ó ti lè bàjẹ́.

Oúnjẹ yìí yẹ fún wa. Nínú 100 gíráàmù òtílí gbígbẹ, nǹkan bí 20 gíráàmù jẹ́ pùrótéènì. Bí ẹ bá sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, ohun tí ọ̀kan kò ní tó, èkejì á fi kún un. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nílé, kí ẹ sì padà wá sọ fún wa bó ṣe rí.

Ìdánrawò

1. Kí ni àwọn ará Enugu ń pe òtílí? Irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń fi ṣe?
2. Kí nìdí tí a kì í fi fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀wà kó tó jinná?
3. Dárúkọ ẹ̀wà kan tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Éṣíà, àti méjì tó ti Éṣíà wá.
4. Iṣẹ́ ìsinmi: bi ìyá àgbà rẹ léèrè orúkọ oríṣi ẹ̀wà mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ ní ìlú yín nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí o sì mú wọn wá sí ìpàdé wa àkọ́kọ́ tí a bá wọlé.