Àpò Tí O Fi Pamọ́

Ọmọ mi, mo rí ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí o ṣe tajú kán rí ìyàwó pásítọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, o ti àpò Aldi tó wà lọ́wọ́ rẹ bọ abẹ́ kóòtù, o sì dúró gbagidi bí ẹni tó jí ohun olóhun. N ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí n kò fẹ́ bá ọ wí lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, kò sì jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́rin péré lo tíì lò ní London. Owó ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ, owó yàrá ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí o ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ ta ilẹ̀ kí o tó wọ bàálù. Ta wá lò ń tijú fún?

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìsìn, torí èmi náà ń jókòó síbẹ̀. Ọ̀kan á ní búrẹ́dì Lidl kò lẹ́gbẹ́. Òmíràn á ní ẹran Aldi, omi ni gbogbo rẹ̀. Ẹnì kẹta á yínmú, á ní òun kì í ra oúnjẹ níbi tí wọ́n ti ń to ọjà sínú páálí bí ilé ìkẹ́rùsí. Wò ó, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kẹta yìí nìkan ni kò tíì sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ. Páálí ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì wọ̀ ọ́ lára jù.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí páálí náà ti wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Albrecht ló ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Essen, nílẹ̀ Jámánì, ní 1913. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Karl àti Theo, gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú ti bàjẹ́, owó kò sí lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó ìwọ̀nba ọjà tí kálukú ń lò lójoojúmọ́, wọ́n tà á kíákíá, wọn ò sì ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀ṣọ́. Inú orúkọ wọn ni wọ́n ti fa Aldi yọ. Ní 1990 ni wọ́n dé Birmingham. Lidl tẹ̀lé wọn wọ ilẹ̀ yìí ní 1994. Títí dòní, níbi tí súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ti ń kó oríṣi ọjà tó ju 20,000 lọ, tiwọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 2,000. Inú páálí tí ọjà bá wọlé ni wọ́n ń tà á, kí òṣìṣẹ́ má baà máa tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó tí ìyẹn dín kù ni ìwọ ń rí lórí ìwé owó rẹ.

Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́. O mọ ìyá tó ń ta ata lábẹ́ agboòrùn ní Bódìjà, o sì mọ ẹni tó ń ta ata nínú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́. Ọkọ̀ kan náà ló já ata fún àwọn méjèèjì. Ìyá rẹ kò tijú ẹni abẹ́ agboòrùn rí.

Ní ti búrẹ́dì, ẹnu wa ti mọ́ búrẹ́dì Agége, èyí tó ki, tó dùn, tí o bá fà á ya táá máa nà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo búrẹ́dì ìlú yìí fi dà bí òwú lẹ́nu wa. Láti 1961, nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Chorleywood ti wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò fi máa po ìyẹ̀fun kíákíá láìjẹ́ pé ó pẹ́ kó tó wú, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì funfun tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá. Mo dán an wò nílé mi. Mo mú ègé kan nínú búrẹ́dì olówó pọ́ọ́kú, mo mú ègé kan nínú èyí tí owó rẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìkọ̀ọ̀kan. Méjèèjì rì, méjèèjì kò padà wú. Ojú àtàǹpàkò mi wà lórí wọn bí èdìdì. Nítorí náà, ra olówó pọ́ọ́kú fún tíì àárọ̀, má ṣe jiyàn lórí rẹ̀. Èyí tó ń ta sánsán ní Lidl, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ pé ó sábà máa ń dé ní dídì, ààrò ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí o rà á, kó ìyókù sí fírísà. Agége tìrẹ, dá owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Sátidé.

Ẹran ni kí o tẹ́tí sí dáadáa. Ẹni tó ní omi ni ẹran Aldi kò purọ́ ohun tó rí. Èmi náà ti rí i: mo da ẹran lílọ̀ sínú páànù, kàkà kó dín, ńṣe ló ń hó, omi yọ, ọ̀rá léfòó, ẹran sún kì sáàárín bí ẹni tí òtútù mú. Ṣùgbọ́n mo yí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e padà, mo rí i pé 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ọ̀rá. Nọ́ńbà náà wà lójú rẹ̀ gbàǹgbà, èmi ni n kò kà á. Èyí tó jẹ́ 5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ kan náà, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá náà ń ta 20. Bí wọ́n bá fi omi kún ẹran kọjá ìwọ̀n, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ orúkọ ẹran náà. Kà á kí o tó sanwó.

Má sì wo owó ńlá tí wọ́n kọ sórí pẹpẹ nìkan. Wo kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, iye tí kílò kan jẹ́. Ká ní ẹran gíráàmù 500 jẹ́ pọ́n-ùn 3, èyí tó jẹ́ gíráàmù 800 sì jẹ́ pọ́n-ùn 4. Ojú á ní àkọ́kọ́ ló jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn 6 ni kílò tirẹ̀, pọ́n-ùn 5 ni ti èkejì.

Adìẹ súpámákẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ti olówó, ì báà jẹ́ ti ẹlẹ́dínwó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 6 lọ kí wọ́n tó pa wọ́n. Yan án nínú ààrò, á dùn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e sínú ọbẹ̀ ata tí ò ń sè fún wákàtí kan, egungun nìkan ni wàá bá. Fún ọbẹ̀, lọ ra adìẹ líle lọ́dọ̀ alápatà ní Rye Lane, èyí tó ti yé ẹyin títí tó fi gbó. Owó rẹ̀ ju ti Aldi lọ, san án. Má sì gbé adìẹ sábẹ́ omi ẹ̀rọ bí a ti ń ṣe nílé. Àwọn àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ níbí kìlọ̀ pé omi náà ń ta kòkòrò àrùn sára abọ́ àti ọ̀bẹ. Iná ló ń pa á. Ó ṣòro fún mi láti gbà, àní ó tó ọdún méjì kí ọwọ́ mi tó gbà pẹ̀lú orí mi.

Ìyà kan ṣoṣo tí ọjà òyìnbó fi jẹ mí ni pé kò sí ìdúnàádúrà, kò sì sí èènì. Sítíkà yẹ́lò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà lálẹ́ nìkan ló jọ èènì, mo sì fẹ́ kí o máa rà á. Àmọ́ gbọ́ èyí. Ní ọdún kejì mi níbí, mo ra itan adìẹ onísítíkà ní ṣọ́ọ̀bù kan lálẹ́ Fúráìdè, mo jù ú sí búùtù ọkọ̀, mo wọ ìṣọ́ òru lọ. Oṣù Keje ni. Láàárọ̀ mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ní kò burú, mo fi ata ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo gbé e sáyà, orí rẹ̀ gbóná janjan, mo sì ń rántí pé pọ́n-ùn méjì ni mo rò pé mo jèrè. Ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló ṣe é. Èmi ni.

Nítorí náà, lórí ẹran, ọjọ́ tí wọ́n kọ "use by" sí ni ààlà. Ó lè wọ fírísà kí ọjọ́ náà tó kọjá. Bí o bá yọ ọ́, jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì, sè é láàárín wákàtí 24. "Best before" tó wà lára búrẹ́dì àti bisikí, adùn ló ń sọ, kì í ṣe májèlé. Bí o bá ra onísítíkà, ilé tààrà.

Lọ́jọ́ Sátidé, wá bá mi ní aago mẹ́sàn-án. Aldi tó wà ní Old Kent Road la máa kọ́kọ́ dé fún àlùbọ́sà, òróró, ẹyin àti tòmátò inú agolo, ká tó gba Rye Lane lọ wá adìẹ. O gbàgbé àpò rẹ sọ́dọ̀ mi. Mo ti nù ún, mo sì gbé e kọ́ sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Òun la máa gbé dání.