Níbo Ni Ẹ Ó Kó Àwọn Ọmọ Lọ Ní Ìsinmi?



Ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ lè kó ìdílé yín jáde nílé fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Èyí dára. Olúwa wa fúnra Rẹ̀ pe àwọn Àpọ́sítélì Rẹ̀ lọ sí ibi ìdákẹ́rọ́rọ́ kí wọ́n lè sinmi, nígbà tí èrò ń wá tí èrò ń lọ débi pé wọn kò ráyè jẹun. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹ ó lọ, ta ni yóò sì yan ibẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í ṣe ọmọdé mọ́, tí kò sì tíì di àgbà, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yí padà, tí ó sì máa ń ti ilẹ̀kùn bí ó bá ti wọ yàrá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, bàbá kan nínú pàrísì wa tọ̀ mí wá lẹ́yìn Mísà pẹ̀lú ìbínú. (Ó ti fún mi láṣẹ láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síhìn-ín, níwọ̀n bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀.) Ó ti kó aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ṣàn pàdé ara wọn. Ó ti san owó ilé tí wọn yóò sùn kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó fẹ́ kí inú wọn dùn lójijì. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 15, jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ti ẹsẹ̀ bọ omi náà, nígbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Fadá,” ni bàbá náà wí, “ọmọ yìí kò mọ oore.” Mo bi í pé, ta ni ó yan Ìkògòsì? Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́ olórí ilé rẹ̀. “Ṣé èmi kọ́ ni mo ni owó ni, Fadá?”

Omi Ìkògòsì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ ti bàjẹ́ kí ọkọ̀ tó kúrò ní Ìbàdàn.

Ẹ rántí ohun tí Lúùkù Mímọ́ kọ sí orí kejì Ìhìn Rere rẹ̀. Ní ọdọọdún ni Màríà àti Jósẹ́fù máa ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ̀dún Ìrékọjá. Láti Násárẹ́tì dé ibẹ̀ ju 100 kìlómítà lọ, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni fún àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, pẹ̀lú àwọn ará àti ojúlùmọ̀. Nígbà tí Jésù di ọmọ ọdún 12, Òun náà bá wọn lọ. Ohun tí a sábà máa ń wàásù lé lórí ni bí Ó ṣe dúró sẹ́yìn àti bí wọ́n ṣe rí I ní tẹ́ḿpílì. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan kékeré kan tí ó ṣíwájú èyí. Wọ́n ti rin odindi ọjọ́ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wá A kiri. Kì í ṣe pé wọn kò bìkítà. Wọ́n rò pé Ó wà láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lójú ọ̀nà ni. Màríà àti Jósẹ́fù kò so ọmọ ọdún 12 mọ́ igbá ìyẹ́ wọn. Wọ́n fún Un láyè láti bá àwọn ẹlòmíràn rìn nínú ẹbí.

Níbo sì ni Ó dúró sí? Kò dúró sí ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò lọ wo ààfin Hẹ́rọ́dù. Ó dúró sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìbéèrè Rẹ̀ tí wọ́n sì ń dáhùn. Nígbà tí wọ́n rí I, Ìyá Rẹ̀ kò kọ́kọ́ pa á láṣẹ. Ó bi Í léèrè, ó sì sọ ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ àti ti Jósẹ́fù jáde. Ọmọ náà fèsì. Lúùkù kò fi pamọ́ fún wa pé èsì náà kò yé wọn. Síbẹ̀ Ó bá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Násárẹ́tì, Ó sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Mo gbà pé Olúwa wa ní iṣẹ́ Bàbá Rẹ̀ tí Ó ń ṣe, èyí tí kò sí ọmọ tiwa tí ó lè fi ara rẹ̀ wé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí náà jẹ́ ọjọ́ orí ènìyàn. Ọmọ tí ó ti pé ọdún 12 tàbí 13 ń wá ibi tí a ó ti gbọ́ ìbéèrè rẹ̀. Bí ẹ bá mú un lọ sí ibi tí kò sí nǹkan kan tí ó ń ṣe é ní kàyéfì, kò ní ṣàì padà sínú fóònù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá a lóhùn.

Àwọn kan yóò wí pé, ṣé Fadá fẹ́ kí ọmọ máa pàṣẹ fún bàbá ni? Rárá o. Òfin Kẹrin kò yí padà. Ṣùgbọ́n Páùlù Mímọ́ tí ó pàṣẹ kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí kò tíì gbé kálámù sílẹ̀ tí ó fi kìlọ̀ fún àwọn bàbá pé kí wọ́n má ṣe mú ọmọ wọn bínú. Àwọn baba wa náà sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ òbí ni láti ṣe ọgbà yí ọ̀rọ̀ náà ká: iye owó tí ó wà, iye ọjọ́, ìlera ẹni tí ara rẹ̀ kò le, àti Mísà ọjọ́ Àìkú. Kí ó wá jẹ́ kí ọmọ yan nínú ọgbà náà, kí ó sì jẹ́ yíyàn ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá ti ní ibì kan lọ́kàn, tí ó kàn ń bi ọmọ léèrè kí ó lè wí pé òun bi í, kí ó má wulẹ̀ dààmú. Wọ́n máa ń mọ̀.

Owó ni ó máa ń nira jù láti sọ. Ọ̀pọ̀ bàbá a máa fi iye tí ó wà lọ́wọ́ pamọ́ fún ọmọ ọdún 16 bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé àìfẹ́ ni kò jẹ́ kí a mú òun lọ sí Dubai.

Bàbá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún un gbìyànjú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó kọ iye owó tí ó ní sórí ìwé, ó gbé e sáàrin tábìlì, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni, orúnkún ìyá yín kò sì gbọdọ̀ gun òkè. Dubai ni ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ dá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti lè rò. Wọ́n jọ ṣírò iye tí yóò ná wọn, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín. Ó wá dábàá Òkè Ìdànrè. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè, orúnkún ìyá sì ti gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀. (Ẹ̀yin tí orúnkún yín le, ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó di àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí òkúta a máa yọ̀ lákòókò òjò. Ní ti omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìgbà òjò gan-an ni ó máa ń kún, ẹsẹ̀ a sì máa yọ̀ níbẹ̀ náà.) Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 13, ní òkun ni òun fẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé òkun wà ní Àgbádárìgì, àti pé òun ti kà nípa ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe yàn án nìyẹn. Bàbá náà ní kí ọmọkùnrin náà fi fóònù tí òun ti ń bú láti èṣí wádìí ilé tí wọn yóò sùn, owó ọkọ̀ ojú omi, àti àkókò Mísà.

Wọ́n yà ní Erékùṣù Èkó lójú ọ̀nà, ní Popo Àgùdà, wọ́n sì wọ Kàtídrà Àgbélébùú Mímọ́. Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ti béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò béèrè rí: kí ló dé tí wọ́n ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà? Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àgùdà ni àwọn ará ilé ń pè wọ́n, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ìgbàgbọ́ wọn. Kí àlùfáà tó dé, ọkùnrin kan láàrin wọn tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kò jẹ oyè àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni àlùfáà tí yóò máa gbé ní Èkó tó dé. Àwọn tí a tà ni wọ́n mú ìgbàgbọ́ yìí wá fún wa, ṣáájú Fadá kankan.

Ní Àgbádárìgì, wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà kọ́ parí ní 1845. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu, wọ́n sì rin ọ̀nà oníyanrìn tí ó lọ sí etí òkun, níbi tí kànga kan wà. Àwọn tí ń fi ọ̀nà han àlejò sọ pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ọmọbìnrin náà rí òkun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé Seriki Williams Abass ni ó mú ọmọkùnrin náà dúró. Wọ́n ta ọkùnrin yìí lẹ́rú ní kékeré. Nígbà tí ó gba òmìnira, ó di oníṣòwò ẹrú, ó sì ń ti àwọn ẹlòmíràn mọ́ inú yàrá tóóró kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé: ẹni tí ó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀, báwo ni ó ṣe lè fi jẹ ẹlòmíràn?

Bàbá náà sọ fún mi pé òun ní, “N kò mọ̀,” àwọn sì lọ jẹun. Ní alẹ́, ó pe ọmọ náà sí ìta. Ó sọ fún un pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá òun a máa fi bẹ́líìtì na òun, òun sì búra pé òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn láéláé. Nígbà tí òun dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀, òun náà na àwọn ọmọ iṣẹ́ òun. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó béèrè bóyá ó ṣì ń nà wọ́n. Bàbá náà ní òun ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ìyá fi wá pè wọ́n wọlé.

Bí ọmọ yín bá bi yín irú ìbéèrè yìí nípa Ìjọ, ẹ má ṣe purọ́ fún un. Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún dá òwò ẹrú lẹ́bi ní 1839, ṣùgbọ́n àwọn Kátólíìkì wà lára àwọn tí ń ra ènìyàn ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1992, Póòpù John Paul Kejì dúró ní erékùṣù Gorée ní Senegal, ó sì tọrọ ìdáríjì.

Ní ti oúnjẹ, n kò ní sọ púpọ̀. Ìyá tí ó bá gbé ìkòkò ọbẹ̀, sítóòfù àti odó lọ sí ibi ìsinmi, ìsinmi ta ni ó fẹ́ lọ ṣe? Kí àwọn ọmọ náà se oúnjẹ lọ́jọ́ kan, bí ó tilẹ̀ jóná. Ní ti Mísà, ẹ wádìí ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó san owó ilé tí ẹ ó sùn, nítorí ẹni tí ó wà ní ìrìn-àjò kò bọ́ lọ́wọ́ Mísà ọjọ́ Àìkú níwọ̀n bí ó bá ti lè dé ibẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ pàrísì tí ó wà níbi tí ẹ ń lọ, ẹ wá bi mí lẹ́yìn Mísà kejì.

Ẹ ka àwọn ìsinmi tí ó kù kí ọmọ yín tó kúrò nílé. Fún ọmọ ọdún 13, ó lè jẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ yunifásítì ní ọdún tí ó tẹ̀lé ìrìn Àgbádárìgì, wọn kò sì tíì jọ rin irú rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ti ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin ni ó kàn, níbi tí Fadá Borghero gúnlẹ̀ sí ní 1861, tí ojú ọ̀nà àwọn ẹrú sì gùn tó kìlómítà mẹ́rin dé etí òkun. Bàbá wọn ń ráhùn nípa owó. Mo ní kí ó gbé ìwé náà sáàrin tábìlì gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ránṣẹ́ sílé pé bí ìdánwò kò bá dí òun lọ́wọ́, kí wọ́n ka òun mọ́ ọn.