Omi Tó Dì Láìsí Fíríìjì

Bí wọ́n bá bi wá nínú ìdánwò pé ìgbà wo ni omi ń dì, gbogbo wa la máa kọ "0°C". Ìdáhùn náà tọ̀nà, àmọ́ ààbọ̀ ni. Ó yẹ ká fi kún un pé: lábẹ́ ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká yìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Kírísítálì ni áìsì blọ́ọ̀kù tí a ń rà, ìyẹn ni pé àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ tò létòlétò. Ṣùgbọ́n ètò náà ò pé. Ẹ wo asẹ́ńbílì wa: kálukú dúró sí àyè rẹ̀ lórí ìlà, àmọ́ ẹnì kan kọjú síwájú, ẹlòmíràn kọjú sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni áìsì. Ọ́síjìn dúró sí àyè rẹ̀, háídrójìn ni ò kọjú síbì kan náà. Linus Pauling ará Amẹ́ríkà ṣe ìṣirò rúdurùdu yìí ní 1935.

Àyè tó ṣófo pọ̀ nínú ìlà náà, ìdí nìyẹn tí áìsì fi ń léfòó. Tí a bá wá fún un pọ̀ ńkọ́? Percy Bridgman ní Yunifásítì Harvard ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1946. Ní 25°C, tí ìfúnpọ̀ bá tó nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ti afẹ́fẹ́, omi á dì. Áìsì kẹfà ni wọ́n ń pè é. Tó bá ju ìlọ́po 20,000 lọ, ó di áìsì keje: ìlà méjì á wọnú ara wọn, bí ìgbà tí kíláàsì mìíràn bá wá dúró sí àlàfo tiwa. Rírì ni méjèèjì ń rì sínú omi. Tí ìfúnpọ̀ bá tó, áìsì keje ò ní yọ́ ní 100°C pàápàá! Síbẹ̀, háídrójìn rẹ̀ ṣì ń kọjú kọ́tikọ̀ti. Ìgbà tó bá tutù ni wọ́n máa tò dáadáa, ló bá di áìsì kẹjọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ìfúnpọ̀ tó tóbi báyìí? Ẹ rántí P = F/A. Wọ́n á fi ṣóńṣó dáyámọ́ńdì méjì fún nǹkan náà láàárín. Ojú ibi tó fara kàn án kéré gan-an, nítorí náà ìfúnpọ̀ á pọ̀. Ẹ́síréè sì lè gba inú dáyámọ́ńdì kọjá, wọ́n á fi wo bí átọ̀mù ṣe tò.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí áìsì keje nínú dáyámọ́ńdì tó ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn wá. Omi ló há sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, dáyámọ́ńdì ò sì jẹ́ kí ìfúnpọ̀ náà jò. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn pé omi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó há 0°C nìkan sórí ò ní gbà pé áìsì lè wà nínú òkúta.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ bá ti kọ ìwọ̀n ooru, ẹ kọ ìfúnpọ̀ mọ́ ọn.